Bàbá Ọ̀ṣuntóyìn, Ẹni Tó Ní Kí Ẹnjiníà Kí Ògiri

Ìtàn tí gbogbo Òkè-Àfárá kọ́kọ́ máa ń sọ nípa olóògbé Bàbá Ọ̀ṣuntóyìn ni ti ọjọ́ tí wọ́n ní kí ẹnjiníà kan kí ògiri.

Luqman lorúkọ ẹnjiníà náà. Ó wá láti Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, téèpù ìwọnlẹ̀ lọ́wọ́, ìwé ńlá lábẹ́ abíyá. Baálẹ̀ ló ránṣẹ́ pè é pé kó wá wọn ààfin àtijọ́ ìlú náà, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó o. Ó bá Bàbá Ọ̀ṣuntóyìn lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó sì dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Bàbá dá a lóhùn, wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè ọ̀nà. Àmọ́ bó ṣe fẹ́ kọjá báyìí, wọ́n na ọ̀pá dí i lọ́nà. Wọ́n ní ó ti kí ẹni tó wà nílé, kò tíì kí ilé.

Luqman rẹ́rìn-ín. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó béèrè pé ta ni kí òun kí. Bàbá fi ọ̀pá tọ́ka sí ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ògiri pupa ni, ó nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ méjì, ó sì ti dán bí awọ èèyàn níbi tí èjìká àwọn tó ń wọlé ti ń ra á láti ohun tó lé ní àádọ́sàn-án ọdún.

"Bàbá," Luqman sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "amọ̀ lásán mà nìyí, sà."

"Ìwọ náà ńkọ́?" Bàbá dá a lóhùn. "Kí ni wọ́n fi mọ ìwọ?"

  Ẹnjiníà gbé téèpù sílẹ̀, ó tẹrí ba, ó kí ògiri pé ẹ kú àárọ̀. Bàbá Ọ̀ṣuntóyìn ló bá ògiri dáhùn. Wọ́n ní ògiri ní kó máa wọlé bọ̀, ṣùgbọ́n kó bọ́ bàtà.

Ẹni tó bá gba Olódò wọ ọ̀nà oko, tó la oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́ kọjá, yóò dé Òkè-Àfárá kó tó mọ̀ pé òun ti dé. Ìlú kékeré ni: ilé onípáànù, mọ́ṣáláṣí méjì, ṣọ́ọ̀ṣì kan, ibi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà yóò yà, igi odán ńlá kan yóò bọ́ sẹ́yìn rẹ, ààfin yóò sì yọ sí ọ. Kò ga. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ń pariwo bọ̀ lórí ọ̀kadà láti Olódò, tí ohùn wọn kàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ojúde náà, láìsí pé ẹnì kan ní kí wọ́n dákẹ́.

Àkòdì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ń ṣí sínú òmíràn. Àárín àkòdì kọ̀ọ̀kan ò ní òrùlé. Òrùlé mẹ́rin ló yí i ká, gbogbo wọn dorí kọ inú, débi pé ẹni tó bá dúró láàárín tó gbójú sókè yóò rí ojú ọ̀run onígun mẹ́rin, bíi pé onílé ló gé e kúrò lára ọ̀run tó kù. Òpó ìrókò gbígbẹ́ ló gbé àwọn òrùlé náà dúró: ẹlẹ́ṣin, abiyamọ, ọdẹ tó gbé ẹran kọ́ èjìká. Lẹ́yìn àkòdì kẹta ni ọgbà wà, tó tẹ́ lọ títí dé etí odò.

Lágbàyí ló tẹ ìlú náà dó, ọdẹ ni. Bí Bàbá Ọ̀ṣuntóyìn ṣe máa ń sọ ọ́, nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́-Ilé ká, àwọn mọlémọlé kan sá gba ibẹ̀ kọjá. Ebi ti pa wọ́n débi pé wọn ò lágbára àtisọ orúkọ ara wọn. Lágbàyí bọ́ wọn fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí ara wọn mókun, wọ́n ní àwọn ò ní ohun kan láti fi dúpẹ́ ju ọwọ́ àwọn lọ. Ọwọ́ náà ni wọ́n fi kọ́ ilé fún un bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ fún Aláàfin, wọ́n kàn dín in kù níwọ̀n bí ọdẹ ṣe kéré sí ọba. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi tẹ amọ̀ rẹ̀. Wọn yóò mọ ìpele kan, wọn yóò dúró kó gbẹ, kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Ọdún mẹ́rin gbáko ni. Bí àlejò kan bá ní ọdún mẹ́rin ti pọ̀ jù fún ilé kan, Bàbá yóò bi í pé ọdún mélòó ni ilé tirẹ̀ ti lò kó tó sán.

Bàbá Ọ̀ṣuntóyìn kì í ṣe ìjòyè, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ààfin. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi tọ́jú ọgbà ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn kan ní Ìbàdàn, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n sì padà sílé pẹ̀lú ìyàwó wọn, Hàjàrá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, wọ́n mú ìgbálẹ̀ lọ sí ààfin. Baálẹ̀ ìgbà náà rò pé wọ́n wá kí òun ni. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó di ọdún kejì, wọ́n ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sì ti ń mú àlejò yí ilé ká. Ọdún kẹta ni Baálẹ̀ tó rántí béèrè pé ta ló yàn wọ́n sípò yẹn. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ni, Baálẹ̀. Ẹ ò lé mi."

Òfin wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ rú u. Èyí tó le jù ni ti fóònù. Bí fóònù àlejò bá dún nígbà tí wọ́n ń pìtàn, wọn kì í bínú, wọn kì í bá èèyàn jà. Wọn yóò kàn dákẹ́, wọn yóò dúró kí ó sọ̀rọ̀ tán, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn lákọ̀tun láti ọjọ́ tí wọ́n bí Lágbàyí. Ọ̀gbẹ́ni kan wá láti Mọ́níyà, oníṣòwò símẹ́ǹtì, ó sì ní oníbàárà púpọ̀. Lọ́jọ́ yẹn nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n bí Lágbàyí.

Inú ọgbà ni èèyàn ti máa ń rí wọn bí wọ́n ṣe rí gan-an. Wọ́n mọ igi kọ̀ọ̀kan bí èèyàn ṣe ń mọ ará àdúgbò. Wọ́n mọ àkòko tí wọ́n ti ń já ewé lé orí gbogbo Baálẹ̀ tó ti jẹ ní ìlú náà, ewé láti ara igi kan ṣoṣo, orí mẹ́sàn-án. Wọ́n mọ pèrègún tó to ara rẹ̀ yí ọgbà ká, tí ẹ̀ẹ̀rùn kan ò rí i kó gbẹ rí. Wọ́n mọ ìrókò tí ẹnikẹ́ni ò gbìn. Lábẹ́ ìrókò yẹn, àwọn fúnra wọn kì í sọ̀rọ̀. Wọn yóò kàn bọ́ fìlà, àlejò náà yóò sì gbójú sókè, títí ọrùn yóò fi dùn ún, kò ní rí ibi tí igi náà parí sí.

Láti ibi iṣẹ́ wọn ni wọ́n ti kó orúkọ gígùn tí àwọn onímọ̀ òyìnbó fi ń pe igi wá sílé, wọ́n sì máa ń pè é mọ́ orúkọ Yorùbá. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan láti Ẹgbẹ́dá béèrè pé èdè wo nìyẹn. Wọ́n ní èdè kan tí kò sí ẹni tó ń fi kí ara wọn láàárọ̀ mọ́ ni. Ó ní kí wá ni ìwúlò rẹ̀. Bàbá fọwọ́ pa ara igi náà, wọ́n ní àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ti kú tán, igi ṣì ń jẹ́ ẹ.

Nígbà tí Baálẹ̀ Jàmíù jẹ, ọ̀rọ̀ yí padà. Èèyàn dáadáa ni Baálẹ̀ Jàmíù. Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ti ṣe fẹ̀yìn tì, wọ́n lajú, wọ́n sì fẹ́ràn ìlú wọn. Ṣùgbọ́n páànù orí ààfin ti dógùn-ún, àkòdì kejì ń jò, bí wọ́n bá sì lọ sí ìpàdé àwọn baálẹ̀ ẹgbẹ́ wọn, ilé alájà méjì tí wọ́n fi táìsì tẹ́ ni oníkálukú ń fi fótò rẹ̀ hàn. Wọ́n pe ìlú jọ. Wọ́n ní ojú ń ti àwọn láti gba àlejò sínú ilé amọ̀, pé àwọn yóò wó ẹ̀yìn ààfin, àwọn yóò gé apá kan ọgbà, àwọn yóò fi kọ́ gbọ̀ngàn ńlá tí ìlú yóò lè máa ṣèpàdé. Ọ̀pọ̀ èèyàn pàtẹ́wọ́. Bí ẹnjiníà Luqman ṣe dé pẹ̀lú téèpù rẹ̀ nìyẹn.

Bàbá Ọ̀ṣuntóyìn kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Hàjàrá sọ lẹ́yìn náà pé ọkọ òun ò jẹun dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n wọ agbádá wọn, wọ́n lọ bá Baálẹ̀. Wọ́n ní ohun kan ṣoṣo ni àwọn ń tọrọ: kí wọ́n tó wó o, kí Baálẹ̀ jẹ́ kí àwọn mú wọn yí ilé náà ká lẹ́ẹ̀kan, bí àlejò.

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní inú ilé náà ni wọ́n ti bí àwọn, kí ló kù tí àwọn yóò tún lọ wò?

"Baálẹ̀," Bàbá sọ, "ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí. Ẹni ẹlẹ́ni ló ń rí tẹni."

Ní ọ̀la ọjọ́ náà, wọ́n yí i ká. Luqman tẹ̀ lé wọn nítorí pé iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ rẹ̀ ò tíì parí. Bàbá ò bá Baálẹ̀ jiyàn rárá. Wọ́n mú Baálẹ̀ bọ́ bàtà. Wọ́n mú Baálẹ̀ kí ògiri. Wọ́n pìtàn Lágbàyí fún àrọ́mọdọ́mọ Lágbàyí bíi pé ará Kánò ni. Fóònù Baálẹ̀ dún nígbà kan, Baálẹ̀ fúnra wọn sì sáré pa á, nítorí pé ìtàn ti dùn dé ibi kan, wọn ò sì fẹ́ kó padà sẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n dé àkòdì kẹta, Bàbá ti ilẹ̀kùn kan tí wọn kì í sábà ṣí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣókùnkùn. Wọ́n ní kí Baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí Luqman fi iná fóònù rẹ̀ tàn án. Lára ògiri náà, nísàlẹ̀, níbi tó dọ́gba pẹ̀lú orúnkún, àmì ọwọ́ wà níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọwọ́ obìnrin ni gbogbo rẹ̀. Bàbá ṣàlàyé pé lọ́dọọdún ni àwọn ìyàwó ilé máa ń fi ẹlẹ́bọ́tọ màlúù àti ewé gígún ra ògiri, àti pé bí wọ́n bá ra á tán, oníkálukú a tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ibi tó tutù gbẹ̀yìn. Àwọn baálẹ̀ ń jẹ, aráyé ń dárúkọ wọn. Àwọn tó ń mú ilé dúró, ibí yìí ni wọ́n kọ orúkọ tiwọn sí.

Baálẹ̀ ń wò ó lọ, wọ́n dúró lórí ọ̀kan. Ìka mẹ́rin ló ní. Ìka kékeré ò sí.

 Luqman sún iná náà mọ́ ọn. Baálẹ̀ na ọwọ́ tiwọn, wọ́n gbé e lé ojú àmì náà, ìka mẹ́rin lórí ìka mẹ́rin.

"Màmá Ọ̀ṣunwùnmí nìyí," wọ́n sọ. "Ìyá bàbá mi. Àdá ló gé ìka wọn. Ọwọ́ yìí ló fi òkèlè sí mi lẹ́nu."

Bàbá Ọ̀ṣuntóyìn wo ẹsẹ̀ ara wọn.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí òjò fi dé. Òjò ọ̀sán ni, irú èyí tí kì í kan ilẹ̀kùn. Wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àkòdì náà, wọ́n sì dúró síbẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Níwájú wọn, omi ń dà wálẹ̀ láti òrùlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, bí aṣọ funfun mẹ́rin tí wọ́n ta yí ojú ọ̀run kékeré kan ká. Ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé ó dà bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Àwọn ère ara òpó ń dán. Ẹlẹ́ṣin náà jọ ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ nínú òjò.

Luqman ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní omi yìí ti ń dà fún ìdajì wákàtí, kí ló dé tí àárín àkòdì ò fi kún? Bàbá tọ́ka sí igun kan. Ihò kan wà níbẹ̀, kò tóbi ju ẹnu ìkòkò lọ. Wọ́n ní ìkòkò gan-an ni, pé wọ́n lu ìdí rẹ̀, wọ́n ti ọ̀kan bọ òmíràn lẹ́nu, òmíràn bọ òmíràn, lábẹ́ ilẹ̀ ilé, títí dé ọgbà. Luqman ò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó sáré jáde sínú òjò pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ó rí ibi tí omi ti yọ. Ó ń jáde lábẹ́ òkúta kan, ó mọ́ lóló, ó pín sí mẹ́ta: ọ̀kan lọ sídìí àkòko, ọ̀kan gba ẹsẹ̀ pèrègún lọ, ọ̀kan wọ odò. Ó tẹjú mọ́ ọn nínú òjò náà bí ọmọdé. Nígbà tó padà wọlé, omi ń ro lára rẹ̀, ìwé ńlá rẹ̀ sì ti di ẹ̀kọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó sọ fún Baálẹ̀, "n ò lè wó ilé yìí. N ò tíì mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ."

Baálẹ̀ nu ojú. Wọ́n ní kò kúkú sí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ kó wó o mọ́.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n wá kọ́ gbọ̀ngàn náà sí, wọ́n sì tẹ́ táìsì sí i. Luqman ló tún òrùlé ààfin ṣe. Ó fi oṣù mẹ́jọ ṣe é, ìlú sì ń kùn pé ó ti pẹ́ jù, àmọ́ kò sí ẹni tó jẹ́ kí Bàbá gbọ́.

Òkìkí kàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá pẹ̀lú bọ́ọ̀sì, àwọn tọkọtaya ń wá ya fótò lábẹ́ odán. Obìnrin kan wá láti yunifásítì, Dókítà Humairah, tó ń kọ̀wé nípa àwọn ààfin àtijọ́. Ó jókòó ti Bàbá fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ má bínú, ṣé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀? Bàbá ronú dáadáa. Wọ́n ní irọ́ mẹ́ta péré ni àwọn pa nínú ààfin náà, àwọn sì mọ ibi tí àwọn gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí. Wọ́n fi méjì hàn án tọkàntọkàn, ó pa wọ́n rẹ́ nínú ìwé rẹ̀. Ó béèrè ẹ̀kẹta. Wọ́n ní ìyẹn ò ṣeé yọ, òun ló gbé òrùlé dúró.

Ọdún tó kọjá ni àìsàn dá wọn dúró. Ẹsẹ̀ ò gbé wọn dé ààfin mọ́, ni Baálẹ̀ bá ní kí wọ́n máa gbé àga wọn lọ sínú ọgbà ní ìrọ̀lẹ́, kí Hàjàrá jókòó tì wọ́n. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Ẹyẹ ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù.

Nísàlẹ̀ ọgbà níbẹ̀, igi agbálùmọ̀ kan wà tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ara rẹ̀ nà gbọọrọ bí apá àga. Òun nìkan ni igi tí Bàbá ò ní ìtàn fún. Wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà, kò sẹ́ni tó mọ ìdí tó fi tẹ̀. Fún ọdún mọ́kàndínlógún, bí wọ́n bá mú àlejò dé ìtòsí rẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń yára rìn kọjá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ń wò ó, wọ́n ní ó dun àwọn pé àwọn yóò lọ láìmọ ohun tó ṣe igi yẹn.

Hàjàrá ní òun ló ṣe é.

Bàbá yíjú sí i. Ó wá ṣàlàyé pé nígbà tí òun wà lọ́mọdébìnrin, àwọn ọmọbìnrin ìlú ló máa ń pọnmi sí ọgbà ààfin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀lẹ lòun, ó máa ń rẹ òun kíá. Igi náà ò ju ọmọ ọwọ́ lọ nígbà náà, ó rọ̀. Òun a bu omi sí i, òun a jókòó lé e lórí, òun a máa jẹ ẹ̀pà tí òun jí bù nínú apẹ̀rẹ̀ ìyá òun, títí àwọn yòókù yóò fi pọnmi tán. Ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta lòun fi jókòó lé e. Nígbà tó máa dàgbà, ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń nàró.

Bàbá béèrè pé kí ló dé tí kò fi sọ ọ́ láti gbogbo ọdún yìí wá.

"Ẹ ò bi mí," Hàjàrá dáhùn. "Àwọn àgbà lẹ bi."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ nínú Bàbá láti ìsàlẹ̀, ó mì wọ́n, ó mì àga, Hàjàrá fọwọ́ gbá wọn lẹ́yìn nítorí ikọ́. Nígbà tó rọlẹ̀, ojú wọn kún fún omi. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwọn tí ẹnikẹ́ni ò rí kí wọ́n di ọwọ́ ìyàwó mú rí ní ìta gbangba.

"Hàjàrá, n ò mọ ìyẹn," wọ́n sọ. "Tún un sọ."

Ó sún mọ́ wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹ̀pà.